Kẹ́ ẹ tó ra mọ́tò iṣẹ́, ẹ mú téèpù dání

Ẹ̀yin èèyàn mi, iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe ní Òṣogbo níbí, kábínẹ́ẹ̀tì kíṣìnì àti wọ́dúróòbù ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Mọ́tò iṣẹ́ mẹ́ta ni mo ti rà, méjì àkọ́kọ́ owó lásán ni mo dà sí gọ́tà, ìkẹta yìí ni mo tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Torí náà tẹ́ ẹ bá jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń dá ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ wá ń ronú àtira mọ́tò tẹ́ ẹ ó máa fi kó irinṣẹ́ àti ẹrù lọ sáìtì, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kẹ́ ẹ tó lọ gba owó àjọ.

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín, ṣé mọ́tò tiẹ̀ kàn báyìí? Ẹ mú jọ́tà kan, oṣù kan gbáko, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣátà píkọ́ọ̀pù tàbí kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, iye tẹ́ ẹ san, ibi tó lọ, ohun tó kó. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta péré lóṣù, ẹ gbàgbé mọ́tò, ẹ fowó yẹn ra máṣíìnì. Mọ́tò tó wà nílẹ̀ tí ò ṣiṣẹ́, jíjẹ ló ń jẹ, bátìrì ń kú, taya ń gbó, pépà ń parí. Ọ̀rẹ́ mi púlọ́ńbà kan wà ní Alékúwodò, ọ̀kadà ló ń gùn títí di òní, àpótí irinṣẹ́ ẹ̀ wà lẹ́yìn, páìpù tó bá rà, ọlọ́jà ló ń bá a gbé e dé sáìtì, kọ́sítọ́mà ló ń sanwó ẹ̀. Ẹ má bi mí léèrè ta ló lówó jù nínú àwa méjèèjì.

Jọ́tà yẹn náà ló máa sọ irú mọ́tò tẹ́ ẹ nílò. Èmi ò ní jọ́tà nígbà tí mo ra ti àkọ́kọ́. Golf wágọ̀nù ni, mo rí i tí ẹ̀yìn ẹ̀ gùn gbọọrọ, ó dúdú, ó ń dán, mo ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà mi. Ọjọ́ kejì ni mo gbé e lọ ra bọ́ọ̀dù MDF, ìyẹn pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi tẹ̀ pọ̀ ṣe, bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ò wọlé. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ni ìgùn bọ́ọ̀dù, mẹ́rin ni ìbú ẹ̀, ìyẹn mítà 2.44 sí 1.22, bẹ́ẹ̀ ibi tí taya ẹ̀yìn ti yọ gọngọ sínú búùtù ló mú kí àárín ẹ̀ há, kò sún mọ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin rárá. Ni mo bá ra kẹ́ríà, mo ń so bọ́ọ̀dù mọ́rí mọ́tò fún ọdún kan àtààbọ̀. Lọ́jọ́ kan lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, tírélà kan ré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú atẹ́gùn, mo kàn gbọ́ gbàgà, bọ́ọ̀dù méjì ti fò lọ sínú kòtò. Ọpẹ́ ni pé kò sí ọlọ́kadà lẹ́yìn mi, n bá máa sọ ìtàn mìíràn.

Látìgbà yẹn tí mo bá ń lọ wo mọ́tò, téèpù ni mò ń mú dání ṣáájú owó. Ibi mẹ́ta ni mo máa ń wọ̀n. Mo máa ń wọ̀n láti ẹ̀yìn àga dírẹ́bà dé ibi tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti ń pa dé. Mo máa ń wọ̀n àárín taya méjèèjì nísàlẹ̀, torí ibi tó fẹ̀ lókè ni ọlọ́jà máa ń fi hàn yín, ẹrù yín ò sì ní fò lókè. Ìkẹta làwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù, ẹ wọn gíga ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹ má wọn gíga inú mọ́tò. Wọ́dúróòbù tẹ́ ẹ ti kàn pọ̀, ẹnu ilẹ̀kùn ló máa gbà wọlé, tí ẹnu ọ̀nà bá kúrú, inú tó ga ò wúlò fún yín.

Ó ku ìwúwo. Bọ́ọ̀dù MDF tó nípọn tó mìlímítà 18, ọ̀kan ẹ̀ tó nǹkan bí 40 kílò. Àpò sìmẹ́ńtì kan, 50 kílò ni. Ẹ ṣírò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ pé mọ́tò kan lágbára. Ẹ wo kórópè tó kún ìgboro wa yìí, ojoojúmọ́ là ń rí i tó ń kó èrò, ó wá dà bíi pé kò sóhun tí ò lè gbé. Púpọ̀ nínú wọn ilẹ̀ Japan ló ti wá, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò ju 660cc lọ, òfin ibẹ̀ lọ́hùn-ún ò sì gbà kó kó ju 350 kílò lọ. Àpò sìmẹ́ńtì méje nìyẹn, ká má tíì ka ọmọ iṣẹ́ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Mọ́tò fúnra ẹ̀ ò gùn ju mítà 3.4 láti imú dé ìdí, torí náà bọ́ọ̀dù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ò lè sùn sẹ́yìn àga ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ wáyà lẹ̀ ń fà, tàbí AC lẹ̀ ń tún ṣe, tàbí ọ̀dà lẹ̀ ń kùn, kórópè dáa jù fún yín, epo tó ń mu ò tó nǹkan, ó sì ń wọ àdúgbò tí ọ̀nà ẹ̀ há bíi ti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ohun kan ṣá, apá ọ̀tún ni sítíárìn wọn wà ní Japan, àwa sì ti ń wa mọ́tò lápá ọ̀tún títì láti 1972, nítorí náà ẹnì kan ti gé e, ó sì ti jó o padà sápá òsì. Kí mẹkáníìkì yín wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lọ wo bí wọ́n ṣe jó o, kó wo irin tó so pẹ́dálì bírékì mọ́ bírékì, kó yí sítíárìn bóyá ó ń mì kó tó dáhùn. Iṣẹ́ wẹ́dà tí ò mọ́ níbẹ̀ yẹn, ẹ̀mí ni.

Mọ́tò mi kejì, píkọ́ọ̀pù Hilux àtijọ́ ni. Ó ń gbé ẹrù o, n ò lè purọ́ mọ́ ọn, ó fẹ́ẹ̀ tó tọ́ọ̀nù kan. Ohun tí n ò rò ni òjò. Inú oṣù kẹjọ ni, nígbà tí ìlú ń kún fún àlejò ọdún Ọ̀ṣun, mo kó kábínẹ́ẹ̀tì tí mo ti kùn tán ń lọ sí Ẹdẹ, ojú ọ̀run mọ́ nígbà tí mo kúrò ní sọ́ọ̀bù, kí n tó dé Ọláìyá òjò ti dé bí ẹni pé wọ́n ya omi sílẹ̀ láti òkè. Tapólì tí mo ní, ihò márùn-ún ló wà lára ẹ̀. Nígbà tí mo fi ráyè dúró, etí bọ́ọ̀dù ti wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ mọ́jú, MDF kìí sì padà sípò tó bá ti mu omi. Mo tún iṣẹ́ yẹn ṣe lápò ara mi. Ìyàwó mi bi mí lálẹ́ pé, "Bàbá ilé, ṣé wọn kìí ta mọ́tò tó ní òrùlé ni?" N ò rí èsì fọ̀.

Nítorí náà ohun tẹ́ ẹ̀ ń gbé ni kẹ́ ẹ wò. Wẹ́dà, ẹni tó ń gbé tánkì omi, ẹni tó ń kó búlọ́ọ̀kù, òjò ò pa ẹrù yín lára, píkọ́ọ̀pù ni tiyín. Tó bá jẹ́ irin gígùn, ẹ ní kí wẹ́dà bá yín ṣe férémù tó ga kọjá orí kábíìnù, kẹ́ ẹ so aṣọ pupa mọ́ ìdí irin tó bá yọ sẹ́yìn. Àmọ́ irinṣẹ́ tẹ́ ẹ bá jù sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù láìní àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, ẹ máa rántí pé gó-sílò wà, ọwọ́ àwọn kan sì yá. Ẹrù tí omi lè bà jẹ́, tàbí irinṣẹ́ olówó ńlá, mọ́tò tó ní òrùlé ni kẹ́ ẹ wá.

Sienna 2004 ni mò ń lò báyìí. Mo yọ àga àárín, mo ká ti ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, mo fa àga iwájú síwájú díẹ̀, bọ́ọ̀dù sùn pẹrẹsẹ, ilẹ̀kùn pa dé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tẹnu mi dé ìparí: ẹ́ńjìnnì 3.3 onísílíńdà mẹ́fà ni, ó mọ epo mu dáadáa. Ṣáájú oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo, lítà kan nílé epo ò tíì pé 200 náírà, kó tó di ìparí oṣù keje ọdún yẹn ó ti ń fẹ́ẹ́ tó 600, ẹ sì mọ ibi tó gbà lọ lẹ́yìn ìyẹn. Mo wá jókòó, mo fi owó ìrìnnà kún iye iṣẹ́ fún kọ́sítọ́mà tó bá wà ní Ìkìrun tàbí Ìwó. Ẹ fi tiyín kún un látọjọ́ àkọ́kọ́, torí tẹ́ ẹ bá ti kọ́kọ́ gbé e lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀fẹ́ ló máa jẹ́ títí láé. Kó tún yé yín pé taya iwájú ló ń fa Sienna, tẹ́ ẹ bá di ẹrù sẹ́yìn jù, iwájú á fúyẹ́, á máa yọ̀ tó bá ń gun òkè tó ní ẹrẹ̀. Àwọn tó ti Amẹ́ríkà wá láti nǹkan bí 2006 sókè, ẹ ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, ẹ máa rí bébà kékeré kan lára òpó tó sọ iye kílò èèyàn àti ẹrù tó gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀. Ẹ gba ohun tó bá sọ gbọ́ ju ti ọlọ́jà lọ.

Ní ti mẹkáníìkì, ẹ lọ bá a kẹ́ ẹ tó lọ bá ẹni tó ń ta mọ́tò. Ẹ bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, èwo lẹ lè tú lójú títì tí mò bá kọ́ọ̀lù yín lálẹ́?" Àwọn ọkọ̀ Yúróòpù kan wà tó rẹwà, tí ẹ̀yìn wọn fẹ̀ bíi yàrá, ṣùgbọ́n tí nǹkan kékeré kan bá bàjẹ́ lára wọn, Ìbàdàn tàbí Èkó lẹ máa rán ọmọ iṣẹ́ lọ, iṣẹ́ á sì dúró fọ́jọ́ mẹ́ta.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ lọ wò ó, àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ má sọ àsìkò fún un, torí tó bá mọ̀ á ti tan án sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń bo àbùkù. Kí n tó kí ọlọ́jà tán, ọwọ́ mi ti wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá tutù, ẹ ṣí rédíétọ̀ (ìgbà tó bá tutù nìkan o, ẹni tó bá ṣí i tó gbóná ojú ẹ̀ ló ń fi ṣeré), ẹ wò ó bóyá ọ́ìlì léfòó lórí omi. Ẹ fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì yọ, tẹ́ ẹ bá rí i tó funfun bí ògì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti wọnú ọ́ìlì nìyẹn, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì tan án kí ẹ̀yin dúró sẹ́yìn sàlẹ́ńsà, èéfín búlúù, ọ́ìlì ló ń jó, èéfín funfun tó nípọn tí kò tán bọ̀rọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì tó ti bàjẹ́ ni kẹ́ ẹ máa rò. Ẹ fa bẹ́líìtì àga jáde dé ìparí, tẹ́ ẹ bá rí ìlà ẹrẹ̀ lára ẹ̀, ó ti mu omi rí. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lára taya, 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é, bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ kó dúdú tó. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ kó èèyàn mẹ́rin sínú ẹ̀ kẹ́ ẹ wà á gun òkè, apá Òkè-Baálẹ̀ dáa fún un, mọ́tò tó sáré pẹ̀lú èèyàn kan ò tíì sọ nǹkan kan fún yín.

Pépà, ẹ má jẹ́ kó sú yín. Nọ́ńbà ṣẹ́sì yẹn, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ló para pọ̀, èyí tó wà lára irin mọ́tò, èyí tó wà lára bébà kọ́sítọ́ọ̀mù, èyí tó wà lára bébà ẹni tó ni ín, ẹ fi ìka tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà kan ò gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Íṣọ́ránsì tọ́ọ̀dù pátì ti di 15,000 náírà fún mọ́tò àdáni láti 2023, ti mọ́tò tó ń kó ẹrù ẹni tó ni ín jẹ́ 20,000, ẹ sọ òótọ́ fún wọn pé ẹrù lẹ fẹ́ máa kó.

Tó bá jẹ́ Sienna lẹ wá rà, àga tẹ́ ẹ bá yọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe ilé adìyẹ, ẹni tó máa ra mọ́tò yẹn lọ́wọ́ yín lọ́la máa béèrè fún un. Tèmi wà ní pálọ̀ ìyá mi, wọ́n fi aṣọ òkè bò ó, àlejò tó bá wá kí wọn ibẹ̀ ló ń jókòó, wọ́n tiẹ̀ ti sọ fún mi pé n ò tún rí i gbà mọ́.