Bí A Ṣe Ń Bu Oúnjẹ fún Ẹni Tó Ní Àtọ̀gbẹ

Nígbà tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ènìyàn ní àtọ̀gbẹ, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bèèrè nínú ilé ni irú òkèlè tí yóò máa jẹ, kì í sì í pẹ́ tí wọn yóò fi ní kí ó fi iyán àti ẹ̀bà sílẹ̀, kí ó gba àmàlà ògẹ̀dẹ̀ mú. Ìmọ̀ràn yìí ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ìyẹ̀fun ògẹ̀dẹ̀ náà ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, ẹni tó bá sì jẹ ìdì mẹ́ta rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ohun tó ń sá fún. Bí òkèlè ṣe pọ̀ tó ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó.

Ẹ di ìkúùkù yín, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àmàlà tó wà nínú abọ́. Kò yẹ kí àmàlà náà tóbi jù ú lọ. Ẹ wá gbé àwo pẹrẹsẹ kan kalẹ̀. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì rẹ̀, kí ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà gba ìdá kan nínú mẹ́rin, kí òkèlè tàbí ìrẹsì gba èyí tó kù. Tẹ̀tẹ̀ tàbí gbúre tí a sè kí ó ki dára púpọ̀ fún èyí, nítorí pé ẹ lè fi ṣíbí jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹja kí ẹ tó fọwọ́ kan òkèlè rárá, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ kò sì ní tètè fò sókè bí ẹ bá ń jẹun báyìí.

Ẹ má ṣe da epo láti inú ìgò sínú ìkòkò. Ẹ fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, nítorí pé ṣíbí ìjẹun kan, ì báà jẹ́ epo pupa tàbí òróró, ní nǹkan bíi kálórì 120, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara. Ní ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, omi ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Ní Scotland àti ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017 lo àwọn tí àtọ̀gbẹ irú kejì, ìyẹn irú tó wọ́pọ̀ jù lọ, ti ń ṣe fún ọdún tí kò ju 6 lọ, tí wọn kò sì gba abẹ́rẹ́ ínsúlìn tó ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Wọ́n dín oúnjẹ wọn kù gidigidi lábẹ́ àbójútó, nígbà tí ó sì pé ọdún kan, 46 nínú 100 wọn ni àtọ̀gbẹ ti lọ sílẹ̀ lára wọn láìlo oògùn rẹ̀. Láàárín àwọn tó fi kílò 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fọn, wọ́n tó 86 nínú 100. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni tó wọn kílò 90 bá dín kílò 5 péré, ṣúgà rẹ̀ yóò ti máa sàn. Àwọn ará àdúgbò lè máa bèèrè ohun tó ń ṣe yín tí ẹ fi rù. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dá yín padà. Àmọ́ bí ẹ bá ń rù láìdín oúnjẹ kù, ẹ tètè lọ rí dókítà.

Ẹni tó ń lo ínsúlìn tàbí Daonil, ìyẹn oògùn oníhóró kan tó ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, gbọ́dọ̀ rí dókítà kí ó tó dín oúnjẹ kù tàbí gba ààwẹ̀, kí wọ́n lè bá a dín oògùn náà kù. Bí òógùn bá bò ó lójijì, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n, tàbí tí ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wò bá ka ohun tó kéré sí 70 mg/dL, ẹ po horo ṣúgà onígun 3 tàbí 4 sínú omi fún un kí ó mu ún, kí ẹ sì tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má ṣe rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.