Bí Oògùn Tí Ẹ Ń Lò Kò Bá Jẹ́ Kí Ẹ Rí Ìgbẹ́ Yà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ojú ń tì láti sọ fún dókítà pé àwọn kò rí ìgbẹ́ yà. Wọ́n á kàn máa fara dà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá yàgbẹ́ tó ìgbà 3 lọ́sẹ̀, tàbí tí ẹ ń tiraka gidi kó tó jáde, ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i.

Ẹ kọ́kọ́ wo oògùn yín. Ṣé lẹ́yìn tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀rọ̀ yìí dé? Àwọn tó sábà máa ń fà á ni oògùn ìrora líle bíi morphine, codeine àti tramadol, oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú, verapamil tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru, àti amitriptyline tí wọ́n fi ń tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àwọn ìrora kan. Ẹ má dá èyíkéyìí dúró fúnra yín o. Dókítà tàbí apòògùn lè dín in kù tàbí kó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ẹ máa mu omi dáadáa, àyàfi bí wọ́n bá ti ní kí ẹ dín omi kù nítorí àìsàn ọkàn tàbí kíndìnrín. Ẹ máa rìn. Ẹ fi èso, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà kún oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, torí inú á wú bó bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìfun máa ń jí lẹ́yìn oúnjẹ, pàápàá láàárọ̀. Àsìkò yẹn ni kí ẹ jókòó sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré kí orúnkún ga ju ìbàdí lọ, kí ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀. Bí ìgbẹ́ bá sì ń gbọ̀n yín, ẹ má mú un mọ́ra.

Ti oògùn ìrora líle le ju ti ìyókù lọ. Ó máa ń mú kí ìfun falẹ̀; ohun tó wà nínú rẹ̀ á pẹ́ níbẹ̀, ìfun á fa omi ara rẹ̀, ìgbẹ́ á sì gbẹ. Bó pẹ́ bó yá, èébì tí oògùn náà ń fà sábà máa ń rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbígbẹ kì í sábà lọ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n bá kọ ọ́ fún yín gan-an ni kí ẹ béèrè oògùn tí yóò máa mú yín yàgbẹ́. Senna ń ṣiṣẹ́ láàárín wákàtí 6 sí 12, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó lálẹ́. Lactulose lè gba ọjọ́ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ní sùúrù fún un. Bí ẹ bá ń lo oògùn ìrora líle, ẹ yẹra fún ispaghula, ìyẹ̀fun èèpo irúgbìn tó máa ń fa omi mọ́ra kí ìgbẹ́ lè pọ̀ sí i, nítorí ó lè dì sínú ìfun tí kò rìn dáadáa.

Bí ẹ kò bá yàgbẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, tí ìgbẹ́ olómi wá ń yọ́ jáde, ẹ má lo oògùn ìgbẹ́ gbuuru. Ó ṣeé ṣe kí èyí tó le ti dí ọ̀nà, kí omi sì máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá; ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ yín wò. Ṣùgbọ́n bí inú bá wú tó ń dunni gidi, tí ẹ ń bì, tí ẹ kò lè só, tàbí tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ẹ má gbé oògùn ìyàgbẹ́ kankan mì mọ́. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà.