Wákàtí méjì lọ́sẹ̀ fún òbí ọmọ tó ní ìpèníjà ara

“Ẹ pè mí tí ẹ bá nílò nǹkan” kì í ṣe ìrànlọ́wọ́. Òbí náà ò ní pè. Ojú lè máa tì í, ó sì lè ti pe èèyàn rí tí wọn ò wá. Ọjọ́ àti aago tí kì í yẹ̀ ló ń gbà wọ́n: “Èmi ni màá máa dúró ti ọmọ yín ní gbogbo Ọjọ́rú, aago 2 sí aago 4.”

Ẹ wá èèyàn 4 sí 6 ládùúgbò. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, á fi ìtara bẹ̀rẹ̀, á sì rẹ̀ ẹ́ láìpẹ́. Kí ọ̀kan nínú yín máa tọ́jú ìwé tó ń sọ ẹni tó kàn, kó má ṣe jẹ́ ìyá ọmọ, torí iṣẹ́ ti kún ọwọ́ tirẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ máa lọ ní méjì-méjì, kí ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí: ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ ò lè fẹjọ́ ẹni tó bá fìyà jẹ ẹ́ sùn.

Kí ẹnikẹ́ni tó dá dúró ti ọmọ, kó kọ́kọ́ jókòó ti òbí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kó máa wò ó. Ẹ kọ ohun tó bá sọ sí ojú ìwé kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: àmì tí ọmọ ń ṣe tó bá fẹ́ yàgbẹ́, ohun tó ń dẹ́rù bà á, oògùn àti aago rẹ̀, nọ́ńbà tí ẹ máa pè. Ẹ kọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín síbẹ̀ pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ àìsàn nìkan ló kún ibẹ̀, ẹ̀rù ọmọ ni á máa bà yín.

Ìdí oúnjẹ ni ewu pọ̀ sí jù, pàápàá fún ọmọ tí iṣan ara rẹ̀ le gan-an tàbí tó rọ̀ jù. Ẹ má fún un lóúnjẹ ní ìdùbúlẹ̀. Kí ẹ̀yìn rẹ̀ nàró, kí àgbọ̀n rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ jókòó síwájú rẹ̀ kí ojú yín ṣe déédéé. Tí ẹ bá wà lórí ìdúró, á gbé orí sókè láti wò yín, oúnjẹ á sì ta á lórí. Ìdajì ṣíbí kékeré tó, ẹ dúró kó gbé e mì kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Tó bá ń wúkọ́, tójú rẹ̀ ń ṣomi, tàbí tóhùn rẹ̀ ń dún bíi pé omi há sí i lọ́fun, ẹ dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà, kó wà ní ìjókòó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30.

Tí wárápá bá gbé e, aago ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀. Ẹ má dì í mú, ẹ má sì ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Eyín ló máa kán. Tó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tí òmíràn tẹ̀ lé e kí ojú rẹ̀ tó wálẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ibi tí ẹ ti ń ṣèpàdé ládùúgbò náà ńkọ́, ṣé ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ torí pé kò lè rìn máa lè wọlé? Àtẹ̀gùn tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 15 ń fẹ́ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 180, ìyẹn ìlọ́po 12. Pákó kúkúrú tí àwọn kan máa ń gbé síbẹ̀ lè dá ọmọ àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ délẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹ má bi òbí pé kí ló fà á, ẹ má sì bi í ohun tó fi wákàtí 2 náà ṣe. Tó bá sùn, ó sùn nìyẹn. Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ ohun tí ọmọ jẹ, ìgbà tó yàgbẹ́, àti aago tí ara rẹ̀ yí padà bó bá ṣẹlẹ̀, kí ẹ fi ìwé náà síbi tí òbí á ti rí i.