Bẹ́ ẹ ṣe máa yan láptọ̀ọ̀pù tí kò ní gráfíìsì ọ̀tọ̀, tọ́jà á sì yá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta láptọ̀ọ̀pù n'Ílọrin, kì í ṣe gbogbo kọ́sítọ́mà ló nílò gráfíìsì ọ̀tọ̀ (ẹ̀yà tó dá dúró, tó ń gbé àwòrán jáde lójú kọ̀ǹpútà) mọ́ o, èyí tó wà nínú ṣíìpù fúnra ẹ̀ ti lágbára gan-an, bíi Radeon 780M, gráfíìsì inú ṣíìpù AMD tí wọ́n ń pè ní Ryzen 7 7840HS, ó ń gbé géèmù àti iṣẹ́ fídíò ìgbéyàwó dáadáa, kì í sì í jẹ iná púpọ̀, ẹ ṣáà mọ bí NEPA ṣe ń ṣe wá.

RAM, ìyẹn mẹ́mọ́rì tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, ló máa ń tanni jẹ. Gráfíìsì yìí ò ní mẹ́mọ́rì tiẹ̀, ti kọ̀ǹpútà ló ń pín lò, tó bá jẹ́ ẹyọ RAM kan péré ló wà níbẹ̀, á máa wọ́ bí ìgbín ni. Mo ra irú ẹ̀ rí ní Challenge, ojú mi rí tó! Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ tẹ Ctrl+Shift+Esc, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ Memory, ẹ wo "Slots used": 2 of 2 lẹ fẹ́, àfi èyí tí wọ́n jó RAM ẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù. Kó má dín ní 16GB.

Mini PC, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré orí tábìlì, ńkọ́? Èyí tó ní ṣíìpù Ryzen AI Max+ 395 tó jáde ní 2025 lè gbé RAM tó 128GB, àmọ́ ó wọ́n jù, ẹ má kó o sí ṣọ́ọ̀bù àfi tẹ́nì kan bá ti san àsansílẹ̀.