Wáyà HDMI kọ́ ló ṣẹ̀: bí mọ́nítọ̀ mi ṣe pa dà tàn lẹ́yìn update Windows 11

₦17,500 ti wọgbó kí n tó mọ ohun tó ń ṣe mọ́nítọ̀ yìí. Wáyà HDMI tuntun gba ₦6,000, ẹnu USB-C tó ń yọ HDMI (adapter) gba ₦11,500. Ẹni tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe kò lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lórí rẹ̀ tó fi ní bọ́ọ̀dù ti jóná, ₦65,000 sì ni òun máa gbà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sówó lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Kò sí irin kankan tó bàjẹ́ lára láptọ́ọ̀pù, kò sí lára mọ́nítọ̀. Dráífà káàdì àwòrán, ìyẹn ètò tí Windows fi ń darí irin tó ń gbé àwòrán jáde, ni kò bá Windows tuntun mu mọ́, odidi ọjọ́ méjì ni mo sì fi bá a wọ̀yá ìjà.

Ó yẹ kó ti ta mí lólobó láti ìbẹ̀rẹ̀. Lálẹ́, mọ́nítọ̀ ń ṣiṣẹ́. Update wọlé lóru, láptọ́ọ̀pù tún ara rẹ̀ tàn, nígbà tó di àárọ̀, “No Signal” ni mọ́nítọ̀ kọ sójú, ó sì sùn lọ. Update wo ló ń ba wáyà jẹ́? Àyẹ̀wò tí kò gba kọ́bọ̀ ni kí ẹ yọ wáyà yẹn, kí ẹ so dekódà tẹlifíṣọ̀n mọ́ mọ́nítọ̀ náà pẹ̀lú rẹ̀. Bí àwòrán bá jáde, wáyà àti mọ́nítọ̀ ti bọ́ nínú ẹjọ́. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo ti ọjà dé ni mo ṣe èyí, àwòrán sì jáde kedere.

Àwọn nǹkan tí gbogbo èèyàn mọ̀, mo ṣe wọ́n, pàbó ló já sí. Windows+P, kí ẹ mú Extend. Windows+Ctrl+Shift+B, tó ń jí dráífà àwòrán: ojú á ṣẹ́ wìì, ẹ ó gbọ́ ohùn kékeré kan. Detect ní Settings, System, Display, lábẹ́ Multiple displays. Ẹ fi Restart tún un tàn, ẹ má fi Shut down ṣe é, torí bí Fast Startup bá wà ní títàn, Shut down kì í pa inú Windows tán. Ṣe ló ń fi í pamọ́ sórí díìsìkì, tó sì ń gbé e jáde bó ṣe wà, tàìsàn-tàìsàn.

Ibi tó yẹ kí n kọ́kọ́ lọ ni Device Manager. Ẹ fi ọ̀tún máòsì tẹ Start, ẹ máa rí i níbẹ̀, kí ẹ ṣí Display adapters. Káàdì méjì ló wà lórí tèmi: kékeré tó wà nínú CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), àti ńlá tó dá dúró. Àmì onígun mẹ́ta aláwọ̀ ìyeyè ti jókòó sórí èyí ńlá. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ohun tó kọ ni “Windows has stopped this device because it has reported problems. (Code 43)”.

Ohun tó tan èmi àti ẹni tó fẹ́ gba ₦65,000 nìyí. Lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù oníkáàdì méjì, káàdì kékeré ló ń gbé ojú láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n káàdì ńlá ni wọ́n so ihò HDMI mọ́. Bí dráífà káàdì ńlá bá kú, ojú láptọ́ọ̀pù á máa dán gbinrin, fíìmù á máa ṣiṣẹ́, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ihò HDMI nìkan ló máa kú fin-ín. Ẹni tó bá wò ó lóréfèé á ní ihò ti jó. Bó bá sì jẹ́ pé “Microsoft Basic Display Adapter” nìkan ni ẹ bá níbẹ̀, dráífà ti lọ pátápátá nìyẹn. Ìyẹn kì í gbé mọ́nítọ̀ kejì rárá, bí ẹ ra wáyà mẹ́wàá.

Ní ti ẹnu USB-C, ẹ̀bi mi ni. Kì í ṣe gbogbo ihò USB-C ló ń gbé àwòrán. Èyí tó ń gbé e sábà máa ń ní àmì DP (DisplayPort) tàbí àmì mànàmáná Thunderbolt lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwé láptọ́ọ̀pù yín náà á sì sọ ọ́. Tèmi kò ju kó gbé fáìlì, kó sì gba iná lọ. Kò sí irú ẹnu tí mo rà yẹn tí mo lè kì bọ̀ ọ́ tó máa di HDMI. Àwọn ẹnu kan wà tó ń lo DisplayLink, tó ń fi ètò kọ̀ǹpútà rán àwòrán, lórí USB lásán, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́n jù bẹ́ẹ̀, wọ́n sì nílò dráífà tiwọn, tí update náà lè bà jẹ́.

Wàyí o, mo ti mọ ẹni tó jẹ̀bi, mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Mo lọ sí ojúlé iléeṣẹ́ tó ṣe káàdì náà, mo wa dráífà tuntun wálẹ̀, ó lé ní 700MB, dátà mi ni. Mo fi í sí i. Kí n tó tún láptọ́ọ̀pù tàn pàápàá, mọ́nítọ̀ ti tàn wàà! Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀. Kò tó ogún ìṣẹ́jú, ojú mọ́nítọ̀ ṣókùnkùn. Code 43.

Mo pa dà sí Device Manager, mo tẹ káàdì náà, mo lọ sí Driver. Ẹ wo Driver Date àti Driver Version níbẹ̀, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, torí àwọn ló máa ń tú àṣírí. Ọjọ́ tó wà níbẹ̀ ti di ọjọ́ àtijọ́, ó ju ọdún méjì lọ. Roll Back Driver, tó ń dá dráífà pa dà sí èyí tó wà tẹ́lẹ̀, ti ṣá, kò ṣeé tẹ̀. Nínú Settings, Windows Update, Update history, Driver updates, mo bá a: Windows Update ti gbé dráífà àtijọ́ wọlé lórí èyí tí mo fi owó dátà wá.

Ó bí mi nínú. Mo pa Wi-Fi, mo yọ dráífà náà pẹ̀lú Uninstall device, mo sì fi àmì sí “Attempt to remove the driver for this device”. Mo tún láptọ́ọ̀pù tàn láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Onígun mẹ́ta ìyeyè tún jókòó síbẹ̀, dráífà àtijọ́ náà ni. Mo ń ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà, ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ibì kan náà ló ń já sí, ìdajì ọjọ́ sì ti lọ.

Nǹkan méjì ni mi ò mọ̀. Èkíní ni bí Windows ṣe ń yan dráífà. Kì í fi ọjọ́ ṣáájú. Bí òǹtẹ̀ àwọn méjèèjì (àmì tó ń fi ẹni tó fọwọ́ sí dráífà hàn) bá dọ́gba, èyí tó bá orúkọ irin náà mu jù lọ ló ń mú. Ẹ lè rí orúkọ náà ní Details, Hardware Ids: ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PCI\VEN (iléeṣẹ́ tó ṣe é), DEV (irú káàdì tó jẹ́) á tẹ̀ lé e, SUBSYS á sì tẹ̀ lé ìyẹn. SUBSYS ló ń sọ pé láptọ́ọ̀pù báyìí gan-an ni. Dráífà tí iléeṣẹ́ láptọ́ọ̀pù kọ SUBSYS yín sí lórí á borí dráífà gbogbogbòò tó mọ VEN àti DEV nìkan, kódà bí ti gbogbogbòò fi ọdún méjì jẹ́ àbúrò. Ìgbà tí àwọn méjèèjì bá dọ́gba níbẹ̀ ni Windows tó ń wo ọjọ́, lẹ́yìn náà nọ́ńbà.

Èkejì ni àká. Gbogbo dráífà tó ti wọ láptọ́ọ̀pù yín rí, ẹ̀dà rẹ̀ wà ní C:\Windows\System32\DriverStore\FileRepository. Àmì tí mo fi sí “Attempt to remove” ń kó ẹ̀dà kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ̀dà míì bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn ni Windows máa gbé jáde bí ẹ bá ti tún un tàn. Mẹ́ta ló wà nínú tèmi. Ìdí nìyẹn tí pípa Wi-Fi kò fi ràn mí lọ́wọ́.

Ẹni tó bá ti rí irú èyí rí á ní kí ẹ wọ Safe Mode (títan Windows pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tó nílò nìkan), kí ẹ lo DDU (Display Driver Uninstaller, ètò tó ń gbá dráífà àwòrán kúrò). Ó dáa, ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kan Safe Mode lórí Windows 11, ẹ wò ó bóyá BitLocker tàbí Device encryption, tó ń ti díìsìkì pa, wà ní títàn, torí ó lè béèrè kọ́kọ́rọ́ onídíjíìtì 48 lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà. Ó sábà máa ń wà nínú àkáǹtì Microsoft tí ẹ fi ṣí láptọ́ọ̀pù. Ẹ lọ sí aka.ms/myrecoverykey, kí ẹ kọ ọ́ sí ìwé, kì í ṣe sórí láptọ́ọ̀pù kan náà. Èmi kò fẹ́ wàhálà yẹn, pnputil, àṣẹ tó ń tọ́jú dráífà tó wà nínú Windows fúnra rẹ̀, ni mo lò.

Ẹ pa Wi-Fi, ẹ yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì bó bá wà. Ẹ wá Command Prompt, ẹ fi ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, Run as administrator. Ẹ tẹ:

pnputil /enum-drivers /class Display

Á to gbogbo dráífà àwòrán sílẹ̀. Published Name ni orúkọ tí a ń wá, bíi oem14.inf. Ẹ fara balẹ̀ ka Provider Name àti Original Name, torí káàdì kékeré náà wà nínú ìtò yẹn, tó sì jẹ́ pé òun ló ń gbé ojú tí ẹ ń wò. Bí ẹ bá ṣèèṣì yọ tirẹ̀, ojú láptọ́ọ̀pù á wú gàdàgbà bíi ti kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́. Ti káàdì ńlá nìkan ni kí ẹ yọ, lọ́kọ̀ọ̀kan:

pnputil /delete-driver oem14.inf /uninstall

Oem14, oem37 àti oem52 ni tèmi. Tiyín á yàtọ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ tún un tàn, kí ẹ sì tẹ àṣẹ àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i láti rí i pé kò sí ọ̀kan tó kù.

Ẹ má tíì tan Wi-Fi o. Ẹ dí ilẹ̀kùn iwájú báyìí. Lórí Windows 11 Pro, gpedit.msc (ibi tí a ti ń ṣètò òfin Windows) ni: Computer Configuration, Administrative Templates, Windows Components, Windows Update, Manage updates offered from Windows Update, kí ẹ fi “Do not include drivers with Windows Updates” sí Enabled. Home kò ní gpedit, Home sì ni tèmi. Àṣẹ kan ṣoṣo ló ń ṣe é, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú Command Prompt bíi ti ìṣáájú (Run as administrator), lórí ìlà kan ṣoṣo:

reg add "HKLM\SOFTWARE\Policies\Microsoft\Windows\WindowsUpdate" /v ExcludeWUDriversInQualityUpdate /t REG_DWORD /d 1 /f

Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ yín ni pé dráífà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ti Bluetooth àti ti gbogbo nǹkan yòókù kò ní gba ọ̀nà Windows Update wá mọ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá wọn. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dá a pa dà, 0 ni kí ẹ fi dípò 1.

Ìgbà yìí ni mo wá fi dráífà tuntun sí i, èyí tí mo ti wà wálẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ má pa fáìlì yẹn rẹ́ láyé, torí ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pa á rẹ́ ni mo fi san 700MB lẹ́ẹ̀mejì. Mo yan Custom, mo sì fi àmì sí Clean installation. Mọ́nítọ̀ tàn. Mo tún láptọ́ọ̀pù tàn, ó tàn. Mo tan Wi-Fi, mo tẹ Check for updates pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, mo jókòó tì í fún wákàtí kan. Driver Date kò yí.

Àwọn ìkórè wẹ́wẹ́ tó kù kò gba àkókò. Ohùn ti sá lọ sínú mọ́nítọ̀ tí kò ní ẹ̀rọ ohùn kankan, ẹ tẹ àmì ohùn nísàlẹ̀ kí ẹ yan Speakers pa dà. Àwòrán fẹjú sọ́tùn-ún sósì torí Windows gbà á sí 1024×768, mo dá a pa dà sí 1920×1080. Ẹ wo Advanced display náà bóyá 60Hz ni, ìyẹn iye ìgbà tí àwòrán ń tún ara rẹ̀ yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó ní mọ́nítọ̀ 4K tó bá rí 30Hz, tí máòsì ń fà bí ìgbín, kó wo wáyà àti ihò rẹ̀: HDMI 1.4 kò lè ju 30Hz lọ ní 4K, HDMI 2.0 ló ń gbé 60Hz. Níbẹ̀ nìkan ni ríra wáyà ti lè bọ́gbọ́n mu.

Ẹni tí update ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún, Go back wà ní Settings, System, Recovery, fún ọjọ́ mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìyẹn, Windows á ti pa èyí àtijọ́ rẹ́. Èmi ò lò ó, torí update yẹn á tún pa dà wá lọ́jọ́ kan, dráífà tó wà nínú àká á sì tún ṣe ohun tó ṣe.

Update oṣù tó tẹ̀ lé e wọlé lọ́jọ́ Túsìdeè kejì nínú oṣù bí ó ti máa ń ṣe, mọ́nítọ̀ kò ṣẹ́jú. Wáyà ₦6,000 ti di ti dekódà. Ẹni tó ta ẹnu USB-C fún mi ní òun kì í gba ọjà pa dà, ó wà nínú àpótí níbí, ràbà rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀.