Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú òwò omi: ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí àgbẹ̀ àti odò Murray

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé omi tí èèyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀. Lẹ́bàá odò Murray ní gúúsù ìlà-oòrùn Ọsirélíà, omi ń ṣàn kọjá oko àgbẹ̀ tí ó ti fi gbin ìrẹsì rí, ó ń lọ sí oko igi almond ní ìsàlẹ̀ odò, nítorí pé àgbẹ̀ náà ti tà á.

Láti àwọn ọdún 1980 ni ọjà yìí ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní 1995, ìjọba fi òdiwọ̀n sí iye omi tí wọ́n lè fà nínú àwọn odò Murray àti Darling. Ní 2004, àdéhùn orílẹ̀-èdè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kí ẹ̀tọ́ omi dá dúró lọ́tọ̀ sí ilẹ̀, kí èèyàn lè ta omi láìta oko. Àwọn àṣìṣe tí ó ń ba àgbẹ̀, àdúgbò àti odò jẹ́ jù nínú òwò yìí nìwọ̀nyí.

Má ṣe ka ẹ̀tọ́ omi àti ìpín ọdún sí ohun kan náà

Ohun méjì ni wọ́n ń tà lọ́jà yìí. Ẹ̀tọ́ omi, ìyẹn àṣẹ láti máa gba ìpín nínú omi odò, jẹ́ ohun ìní tí kì í tán. Ìpín ọdún ni omi gidi tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń kọ sí àkáǹtì olówó ẹ̀tọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wo bí omi inú àwọn ìsédò ṣe pọ̀ tó. Mẹ́gálítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Mẹ́gálítà kan jẹ́ mílíọ̀nù kan lítà, ìyẹn omi inú tánkà ọgọ́rùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 10,000 lítà. Ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ mẹ́gálítà 500, tí ìpín ọdún náà sì jẹ́ 40%, mẹ́gálítà 200 péré ló ní láti fi dáko. Ẹ̀tọ́ pàápàá ju ara wọn lọ: àwọn kan wà tí wọ́n kọ́kọ́ ń fún lómi, èyí tí ó bá kù ni àwọn tó kù ń pín. Ní 2018–19, àwọn tí ó ní ẹ̀tọ́ onípò kejì lórí odò Murray ní ìpínlẹ̀ New South Wales gba 0%. Ìwé ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ wọn, omi kò sí.

Àṣìṣe tí ó pa àwọn àgbẹ̀ lára jù ni pé kí wọ́n ta ẹ̀tọ́ láti fi san gbèsè, kí wọ́n wá pinnu pé ìpín ọdọọdún ni àwọn yóò máa rà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin màlúù oníwàrà ní àríwá ìpínlẹ̀ Victoria ló gba ọ̀nà yìí. Ní ọdún òjò, kò sí wàhálà: lẹ́yìn òjò ńlá 2010, owó mẹ́gálítà kan já wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ dọ́là 50 ti Ọsirélíà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀dá 2007–08, owó kan náà ti gòkè kọjá dọ́là 1,000. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ fi owó ọdún ọ̀dá ṣe ìṣirò rẹ̀, kí ó má fi ti ọdún òjò ṣe é.

Ohun tí ó ń gbé owó náà gòkè ni pé àwọn tí wọ́n jọ ń rà á kò lè dúró bákan náà. Olóko ìrẹsì lè fi ọdún kan sílẹ̀ láìgbìn. Ẹlẹ́ran lè ra koríko gbígbẹ tàbí kí ó ta lára màlúù. Igi almond tí ó ti dàgbà ń mu nǹkan bíi mẹ́gálítà 12 sí 14 lórí hẹ́kítà kan lọ́dún, bí kò bá sì rí i, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ló bá a lọ. Nítorí náà, iye yòówù kí wọ́n pè é, olóko igi yóò san án. Ìrẹsì Ọsirélíà tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù ní 2006. Ní 2008, kò tó 20,000 tọ́ọ̀nù.

Má ṣe rò pé odò lè rìn bí ìwé ṣe ń rìn

Òwò lórí ìwé lè parí lọ́jọ́ kan. Omi láti ìsédò Hume ní òkè odò dé ẹnu ààlà ìpínlẹ̀ South Australia ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, oòrùn sì ń fà á gbẹ lójú ọ̀nà. A kì í yọ àdánù yìí lára omi ẹni tí ó rà á. Inú àpò gbogbo olówó ẹ̀tọ́ ló ti ń jáde.

Ibì kan tún wà tí odò náà fún bí ọ̀fun. Wọ́n ń pè é ní Barmah Choke, kò sì gbà ju nǹkan bíi mẹ́gálítà 7,000 lọ lóòjọ́. Iyanrìn tí ìwakùsà wúrà àti pípa igbó rẹ́ láyé àtijọ́ kó wá ti kún ìsàlẹ̀ odò lápá ibẹ̀. Bí wọ́n bá fi agídí ti omi kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò ya wọ inú igbó igi red gum lákòókò tí ó yẹ kí ilẹ̀ igbó náà gbẹ. Igi náà nílò ìkún omi ìgbà òtútù àti ìgbà ìrúwé. Tí gbòǹgbò rẹ̀ bá wà nínú omi lọ́dọọdún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò ṣàìsàn. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi ń jẹ́ kí omi òkè ọ̀fun yìí lọ sí ìsàlẹ̀ àfi bí iye kan náà bá ti kọ́kọ́ ti ìsàlẹ̀ padà sókè lórí ìwé. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà yẹ kí ó wo bóyá ọ̀nà náà ṣí kí ó tó bá ẹnikẹ́ni ná owó.

Nígbà tí ọ̀fun Barmah kò gbà á mọ́, odò Goulburn ní Victoria, tí ó wọ Murray ní ìsàlẹ̀ ọ̀fun náà, ni wọ́n gbé ẹrù náà lé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni omi Goulburn máa ń lọ sílẹ̀ ní ti ẹ̀dá rẹ̀, ìgbà náà gan-an sì ni àwọn olóko igi ń béèrè omi. Omi wá ga sókè, ó dúró sí ìwọ̀n kan náà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ó jẹ ihò wọ inú bèbè, ó bo koríko etí odò títí ó fi kú. Nígbà tí wọ́n dín omi kù, bèbè tí ó ti mu omi yó kò rí ohun tí ó gbé e ró mọ́, ó ya lulẹ̀. Òfin Victoria ti wá fi òdiwọ̀n sí iye omi tí ó lè gba ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n kí bèbè tí ó ti ya tó padà hu koríko, yóò pẹ́.

Má ṣe rò pé ẹni tí ó tà nìkan ló kàn

Àwọn oko kì í fa omi tààrà láti inú odò nìkan. Ọ̀pọ̀ wọn wà lórí ojú omi tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ (kánáàlì), tí gbogbo àdúgbò jọ ń náwó sí. Bí oko mẹ́wàá bá wà lórí ẹ̀ka kan, tí mẹ́fà ta omi wọn, ẹ̀ka náà ṣì gbọ́dọ̀ kún kí omi tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó wà ní ìparí. Omi tí ó ń wọ ilẹ̀ lójú ọ̀nà kò dín kù, owó àtúnṣe kò dín kù, àwọn mẹ́rin ni yóò máa san án. Nítorí èyí, ẹni tí ó bá jáde pátápátá nínú ètò ojú omi náà ń san owó ìjáde tí ó lè tó ìlọ́po mẹ́wàá owó ọdọọdún rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ta omi tán láìka ibi yìí nínú ìwé. Wọ́n wá rí i pé àwọn ṣì ń jẹ owó ojú omi lọ́dọọdún lórí ilẹ̀ tí kò mu omi mọ́.

Ilẹ̀ tí omi ń lọ bá náà ní ìṣòro tirẹ̀. Omi iyọ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ agbègbè Mallee ní ìsàlẹ̀ odò. Bí wọ́n bá bomi rin ín jù, omi iyọ̀ yóò gòkè, yóò sì rọra ṣàn wọ inú Murray. Nítorí náà, àwọn ibì kan wà ní Victoria tí wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀tọ́ omi tuntun wọ̀.

Fún àwọn tí ń ṣe òfin

Kí òwò tó dé, ọ̀pọ̀ ẹ̀tọ́ ló wà tí ẹnikẹ́ni kò lò. Omi wọn ń bá odò lọ. Ọjọ́ tí wọ́n di ohun títà ni àwọn ẹ̀tọ́ náà jí lójú oorun. Iye tí wọ́n ń fà látinú odò pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ òfin kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ tuntun. Ẹ ṣírò ẹ̀tọ́ tí ń sùn kí ẹ tó ṣí ọjà.

Lórí odò Barwon àti Darling, tí ó ń ṣàn wá bá Murray láti àríwá, ẹ̀tọ́ tí ó lè fa omi nígbà tí odò bá lọ sílẹ̀ ní òdiwọ̀n pọ́ńpù kékeré tẹ́lẹ̀. Ètò pípín omi tí New South Wales ṣe ní 2012 mú òdiwọ̀n náà kúrò, ó sì ṣeé ṣe fún ẹni tó bá ra irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ láti fi pọ́ńpù ńlá fa omi tí ó yẹ kí ó máa so odò pọ̀ nígbà ọ̀dá. Ẹja rẹpẹtẹ kú ní Menindee, ìlú kan lẹ́bàá odò Darling, láti Oṣù Kejìlá 2018 wọ Oṣù Kìíní 2019. Odò ti dúró, ewédò ti bò ó, òtútù dé lójijì, ó po omi ìsàlẹ̀ tí kò ní afẹ́fẹ́ mọ́ ti òkè. Ọ̀dá lọ́wọ́ nínú rẹ̀, fífa omi lókè odò náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Òwò nìkan kọ́ ló fà á, ṣùgbọ́n ètò tí ó jẹ́ kí omi ìgbà ọ̀dá ṣeé kó jọ sọ́wọ́ àwọn díẹ̀ kò ran odò lọ́wọ́.

Ní ti alárinà: ìwádìí ACCC, àjọ ìjọba tí ń ṣọ́ òwò àti ẹ̀tọ́ oníbàárà ní Ọsirélíà, tí ó jáde ní 2021 fi hàn pé nígbà náà, ẹnì kan náà lè ṣojú olùtà àti olùrà láìsí òfin tó ká a lọ́wọ́ kò. Òfin tuntun jáde ní Oṣù Kejìlá 2023. Síbẹ̀, kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ alárinà bóyá àkáǹtì ọ̀tọ̀ ni owó oníbàárà wà, àti ẹni tí ó ń ṣojú fún gan-an. Ẹ gba ìdáhùn méjèèjì ní kíkọ sílẹ̀.