Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ka BA pọ̀ mọ́ MA nínú ẹ̀kọ́ ẹkùn àgbáyé

Ní Ìbàdàn níbí, ẹni tí kò bá tíì gba BA kò lè ki ẹsẹ̀ bọ MA. Ní Amẹ́ríkà, àwọn yunifásítì kan ń so méjèèjì pọ̀ ní ọdún 5 fún àwọn tó ń kọ́ nípa apá kan ayé, bíi Áfíríkà tàbí Ìlà Oòrùn Éṣíà: èdè ibẹ̀, ìtàn ibẹ̀, òṣèlú ibẹ̀. Ètò tó dára ni. Ṣùgbọ́n ojú tí a fi ń wo ilé-ìwé nílé ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé lọ síbẹ̀. Wọ́n á ní kí àwọn kọ́kọ́ parí BA ná. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún kìíní ni iṣẹ́ MA yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè ló ń kọ́kọ́ tú wọn fó. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń kọ́ àwọn aṣojú rẹ̀ ní èdè ka Swahili sí bíi wákàtí 800 sí 900 nínú kíláàsì kí èèyàn tó lè fi ṣiṣẹ́, ó sì ka èdè Ṣáínà, Japan àti Lárúbáwá sí 2,200. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: wákàtí 5 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 15, jẹ́ 75 ní sáà kan. Sáà 8 kò ju 600 lọ. Ẹni tó bá wá dúró di ọdún kẹta, ìwé tí ẹlòmíràn ti túmọ̀ ni yóò máa kà títí yóò fi jáde. Ẹ fi èdè sí sáà àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi ìsinmi gígùn kan, ó kéré tán, gbé níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́.

Àwọn tó yan Áfíríkà a máa gbọ́kàn lé Yorùbá tí wọ́n gbọ́ nílé. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láìbéèrè. Ẹ̀ka kan lè ní kí ẹ wá ṣe ìdánwò kíkà àti kíkọ, àmì ohùn àti gbogbo rẹ̀. Òmíràn lè ní kí ẹ kọ́ èdè mìíràn kún un. Ẹ gba ìdáhùn wọn ní kíkọ sílẹ̀.

Kírẹ́dítì, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iṣẹ́ kọ́ọ̀sì, ni àṣìṣe tó ń gba owó lọ́wọ́ òbí jù. BA sábà máa ń jẹ́ 120, MA nǹkan bíi 30. Ohun tó ń gé ọdún kan kúrò ni pé wọ́n ń jẹ́ kí àwọn kọ́ọ̀sì mélòó kan, tí ó sábà máa ń jẹ́ kírẹ́dítì 9 sí 12, kà fún ìhà méjèèjì. Kì í ṣe gbogbo kọ́ọ̀sì ló ń kà bẹ́ẹ̀. Kọ́ọ̀sì kan náà, olùkọ́ kan náà, yàrá kan náà, lè ní nọ́ńbà méjì: ọ̀kan fún BA, ọ̀kan fún MA. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ sábẹ́ nọ́ńbà BA ti pàdánù rẹ̀, bó tilẹ̀ gba A. Ẹ wo nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi han olùdámọ̀ràn yín kí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ tó kọjá. Ọdún kẹta ni wọ́n sì sábà máa ń gba ìwé ìbéèrè MA. Ẹni tó bá di ọdún kẹrin kó tó béèrè lè ti pẹ́ jù.

Ẹ béèrè bákan náà, ọjọ́ wo gan-an ni wọn yóò fún yín ní BA? Lọ́jọ́ yẹn, owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fún yín fún BA lè dúró. FLAS, owó tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń ran àwọn tó ń kọ́ èdè lọ́wọ́ títí di 2025, kò fìgbà kan wà fún ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ tètè sọ fún ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì, nítorí I-20, ìwé tí yunifásítì ń fún yín fún físà akẹ́kọ̀ọ́, gbọ́dọ̀ yí padà sí ti MA.

Àpilẹ̀kọ ìwádìí ńkọ́? Ibí ni ọmọ Ìbàdàn ti ní ọlá. National Archives wà nínú ọgbà UI, Kenneth Dike Library náà wà níbẹ̀. Ohun tó ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́ ni pé wọ́n á wálé lásìkò ìsinmi, wọ́n á ti máa gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní Ọjà'ba kí yunifásítì tó fún wọn láṣẹ láti fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò. Ohun tí ẹ bá gbà kí àṣẹ tó dé, ẹ lè má lè lò ó nínú àpilẹ̀kọ. Ẹ fi ìwé ìbéèrè àṣẹ náà ránṣẹ́ ní oṣù méjì ṣáájú, ó kéré tán, kí ìwé ìyọ̀ǹda sì wà ní Yorùbá, èyí tí ẹ ó máa kà sí bàbá tàbí ìyá náà létí kí ẹ tó tan ẹ̀rọ.